Ọkọ̀ Tí Kò Lè Gbé Àǹtí Mi Mọ́

Ẹ bá mi wá ẹnikẹ́ni tó wọ Routemaster dáadáa rí, kí ẹ ní kó dijú, kí ẹ sì lu agogo lẹ́ẹ̀mejì sí i létí. Ọwọ́ rẹ̀ á máa wá nǹkan tó máa dì mú. Ara rẹ̀ ti mọ̀ pé ọkọ̀ fẹ́ gbéra. Ó ti lé ní 20 ọdún tí bọ́ọ̀sì onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì pupa yẹn ti fẹ̀yìn tì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, síbẹ̀ bí mo bá dúró ní ibùdókọ̀ tí ọkọ̀ òde òní dé, ọwọ́ mi ṣì máa ń na síbi tí òpó ẹ̀yìn rẹ̀ ì bá wà.

Mo wà lára àwọn tó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ yìí kiri títí dòní. Bí àwọn tó rà wọ́n bá dá ọjọ́ tí wọ́n máa kó wọn jáde sójú títì, kùtùkùtù ni mo máa ń gbéra nílé. Àwọn tí mo máa ń bá níbẹ̀ kì í ṣe ọmọdé. Ọ̀pọ̀ wọn ti hewú, àwọn mìíràn ń fi ọ̀pá rìn. Bàbá kan wà tí mo máa ń rí, ó ti lé ní 70 ọdún, ìjókòó kan náà ló máa ń jókòó sí, nísàlẹ̀, lẹ́yìn awakọ̀ gan-an, níbi tí ìró ẹ́ńjìnnì ti ń wọlé. Kì í wo ìta. Á gbọ́wọ́ lé orúnkún, á dijú, á máa gbọ́ bí jíà ṣe ń pààrọ̀. Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì wọ́n, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń gbọ́. Wọ́n ní bàbá àwọn ni. Dírẹ́bà ni bàbá wọn, ojú ọ̀nà tó ń gbà kọjá kò sì jìnnà sílé wọn. Láti orí ibùsùn, ọmọ náà á mọ ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ ń wà yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, torí pé bàbá rẹ̀ máa ń dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ kí jíà tó wọlé, kí ọkọ̀ má baà ta àwọn èrò síwájú.

N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn tó ń wò wá láti òkèèrè rò pé páànù pupa là ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, n kò sì lè bá wọn jà, torí pé ẹnu wa kì í kúrò lórí páànù, lórí nọ́ńbà, lórí ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó tì wá pẹ́ díẹ̀. Kì í pẹ́ tí orúkọ èèyàn fi ń jáde.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti páànù náà ná, nítorí ó tọ́ sí ìyìn.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ìgboro Lọ́ńdọ̀nù wà lára àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú Halifax tí wọ́n fi ń ju bọ́ǹbù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi alumíníọ̀mù ṣe ara tó fúyẹ́ tó sì lágbára. Ogun parí, wọ́n gbé ìmọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ sórí títì. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ A. A. M. Durrant ló ṣe iṣẹ́ inú Routemaster, Douglas Scott ló sì fún un lójú tí gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n sí. Àwọn ọkọ̀ ńlá ìgbà náà, irin gbọọrọ kan ló máa ń wà nísàlẹ̀ tí wọ́n á gbé ara ọkọ̀ lé lórí. Èyí kò nílò rẹ̀. Ara rẹ̀ ló ń gbé ara rẹ̀ dúró. RT tó wà ṣáájú rẹ̀ ń gbé èèyàn 56 ní ìjókòó. Routemaster ń gbé 64, kò sì wúwo jù ú lọ. Jíà rẹ̀ ń pààrọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ ń ran awakọ̀ lọ́wọ́ láti yí ọwọ́ ọkọ̀, táyà iwájú kọ̀ọ̀kan sì ń gun kòtò tirẹ̀ láìgbọn èkejì. Nǹkan tí kò sí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àwọn olówó nígbà náà ni wọ́n fi ń gbé òṣìṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́.

Ní 1954 ni wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé. Ní oṣù kejì ọdún 1956, RM1, àkọ́kọ́ nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Wọ́n fi wọ́n rọ́pò àwọn bọ́ọ̀sì tó ń fa iná láti ara wáyà lókè, èyí tó kẹ́yìn nínú ìyẹn sì parí iṣẹ́ ní 1962. Nígbà tí wọ́n fi ṣíwọ́ ṣíṣe Routemaster ní 1968, 2,876 ni wọ́n ti ṣe.

Inú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Àwọ̀ wáìnì pupa wà nísàlẹ̀ fèrèsé, àwọ̀ ewé yí fèrèsé ká, àwọ̀ ìyeyè wà lókè àjà. Wọ́n ro ti èèyàn mọ́ ọn. Ìyeyè yẹn, ẹ gbọ́, ó yẹ kó mọ́lẹ̀ bí oòrùn, ṣùgbọ́n òkè ni àwọn amusìgá máa ń jókòó sí. Títí di 1991 tí wọ́n fi fòfin de sìgá nínú bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù pátápátá, èéfín ló ń fi ọwọ́ tirẹ̀ kun àjà náà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún ọ̀kan ṣe fi kànìnkànìn fọ ibi kékeré kan lókè àjà, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọ̀ àkọ́kọ́ hàn níbẹ̀ bí ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́. Kò fọ èyí tó kù. Ó ní èéfín àwọn tó ti kú wà níbẹ̀, òun kò lè fi ọṣẹ lé wọn jáde. Mo fara mọ́ ọn.

Bí ẹ bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa, Aldenham ni kí ẹ dárúkọ. Ní agbègbè Hertfordshire ni ilé iṣẹ́ àtúnṣe náà wà, ibi tí wọ́n ń kó gbogbo bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù lọ fún àtúnṣe ńlá lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Bí Routemaster bá débẹ̀, wọ́n á gbé ara rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀yà ìsàlẹ̀ tó di ẹ́ńjìnnì àti táyà mú. Ara á gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ẹ̀yà ìsàlẹ̀ á gba ọ̀nà tirẹ̀. Títún ara ṣe máa ń pẹ́ ju títún ìsàlẹ̀ ṣe lọ, wọn kì í sì í dúró kí àwọn méjèèjì tún padà ríra. Ara tó bá ti ṣe tán ni wọ́n á gbé lé èyí tó bá wà nílẹ̀, wọ́n á sì lẹ nọ́ńbà ọkọ̀ tó yẹ kó jáde mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni RM kan á wọlé pẹ̀lú ara kan, á jáde pẹ̀lú ara mìíràn, àwọn èrò tó ń wọ̀ ọ́ kò sì ní mọ̀.

Ní báyìí, èèyàn kan lo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ láti ra èyí tó wọ̀ lọ sílé ìwé. Ó mọ nọ́ńbà rẹ̀, ó wá a fún ọdún gbọọrọ, ó rí i, ó sunkún. Ẹlòmíràn wá dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó ka nọ́ńbà kékeré tó wà lára páànù nínú ọkọ̀, ó ní, "Ara yìí kọ́ lẹ wọ̀ nígbà yẹn." Mo ti wà níbi tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ojú ẹni tó ni ọkọ̀ náà yí padà. Ó jókòó sórí pẹpẹ ẹ̀yìn, kò sọ̀rọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ló ní, "Orúkọ rẹ̀ ṣì ni." Èmi náà gbà pé orúkọ rẹ̀ ni. Ilé wa ni wọ́n ti ń sọ ọmọ tuntun ní Ìyábọ̀, tí àgbà á kúnlẹ̀ fún ọmọ ọwọ́ tí á sì máa kí i ní "ìyá mi". Kò sẹ́ni tó ń bi ọmọ náà pé ara ta ló gbé wá. Ẹni tí wọ́n ń pè ló dé. Aldenham ti kógbá wọlé láti 1986, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó dá sílẹ̀ ṣì ń gbé àárín wa.

Ó yẹ kí n wá sórí ẹ̀yìn ọkọ̀ wàyí.

Kò ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn. Pẹpẹ ló wà níbẹ̀, àti òpó kan tó ń dán nítorí ọwọ́ àìmọye èèyàn, àti àtẹ̀gùn tó ká kọ́rọ́ gba òkè lọ. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá há ọkọ̀ mọ́ Regent Street, o kò ní dúró de ẹnikẹ́ni kó ṣílẹ̀kùn fún ọ. O bọ́ sílẹ̀, o bá tìrẹ lọ. Bí o bá rí i tó ń rọra kúrò ní ibùdókọ̀, o sáré, o di òpó mú, ẹsẹ̀ kan wà lókè, èkejì ṣì ń wá ilẹ̀, ó ti gbé ọ. Bí mo ṣe dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1996, tí mo ṣì ń bẹ̀rù gbogbo nǹkan, orí pẹpẹ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rò pé ìlú yìí lè gbà mí. Àwọn èèyàn ṣubú níbẹ̀ o. Àwọn kan fara pa, àwọn kan bá a lọ. N kò ní fi ìyẹn pamọ́ nítorí pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Awakọ̀ ń dá jókòó níwájú, nínú yàrá tóóró tí kò ju ìlàjì iwájú ọkọ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì wà lápá òsì rẹ̀. Kò sí ọ̀nà tó lè gbà bá èrò sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í gba owó. Ọ̀nà nìkan ló ń wò. Gbogbo tinú ọkọ̀ wà lọ́wọ́ kọ́ńdọ́, agogo ló sì so àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹyọ kan: dúró. Méjì: ó yá, máa lọ. Mẹ́ta: a ti kún, má dúró. Mẹ́rin: wàhálà wà. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ kọ́ńdọ́ ń gbà fa okùn agogo yẹn dà bí ìgbà tí onílù bá ń sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń lù ú kíákíá bí ẹni tí inú ń bí, àwọn kan ń fi àlàfo díẹ̀ sáàárín rẹ̀, àwọn dírẹ́bà sì mọ ẹni tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ láti ibẹ̀.

Àǹtí mi ló jẹ́ kí n mọ ohun tí kọ́ńdọ́ jẹ́ gan-an.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni wọ́n. Wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1974, ìtòsí Camberwell Green ni wọ́n sì ń gbé látìgbà náà. Iṣẹ́ gbígbálẹ̀ ọ́fíìsì ni wọ́n ń ṣe, nítòsí Whitehall. Wọ́n á jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì nọ́ńbà 12 gba orí afárá Westminster kọjá, wọ́n á sì padà wálé nígbà tí àwọn tó ni ọ́fíìsì bá ń wọlé. Ìgbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wálé ni oorun máa ń dé. Orí ìjókòó gígùn tó wà nítòsí pẹpẹ ni wọ́n ń jókòó sí. Tíkẹ́ẹ̀tì tí kọ́ńdọ́ bá fi ẹ̀rọ Gibson yọ fún wọn, wọ́n á ká a kékeré, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọ abẹ́ okùn aago ọwọ́ wọn, kí ẹni tó bá fẹ́ yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò lè rí i láìjí wọn. Wọ́n á wá sùn lọ fọnfọn.

Kọ́ńdọ́ kan wà tó jẹ́ ọmọ Barbados. Ó wà lára àwọn tí wọ́n lọ gbà wá láti erékùṣù náà. Láti 1956 ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ti ń lọ gba òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Àǹtí mi kò mọ orúkọ rẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ Camberwell Green, á rọra fi ẹ̀yìn ìka kan ojú irin tó wà légbẹ̀ẹ́ wọn, kò ní fọwọ́ kàn wọ́n lára, á ní, "Ìyá, ilé ti dé." Lóyìnbó ló ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n Àǹtí mi kì í sọ ìtàn yìí kí wọ́n má fi Yorùbá sí i lẹ́nu. Bí wọn kò bá tíì jí, kò ní lu agogo. Gbogbo ọkọ̀ á dúró.

Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré fún obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń gbálẹ̀ fún àwọn tí kì í rí i. Ní Bristol, títí di 1963, wọn kì í gba aláwọ̀ dúdú sẹ́nu iṣẹ́ dírẹ́bà tàbí kọ́ńdọ́. Oṣù mẹ́rin ni àwọn èèyàn fi kọ̀ láti wọ ọkọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó yí òfin náà padà. Nítorí náà, tí Àǹtí mi bá rí ọmọ Barbados yẹn nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, tí gbogbo ọkọ̀ ń dúró de ìka rẹ̀ lórí okùn agogo, ara wọn máa ń yá. "Òun ló ni ọkọ̀ yẹn," wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀.

Orúnkún wọn kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Pẹpẹ Routemaster ga sílẹ̀, èèyàn sì ní láti gun àtẹ̀gùn mìíràn láti orí pẹpẹ kó tó wọ ibi ìjókòó. Wọ́n á di òpó mú, kọ́ńdọ́ á di ìgbọ̀nwọ́ wọn mú. Nígbà tó yá, kò ṣeé ṣe mọ́. Ní 2001, àga oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n wà. Nọ́ńbà 12 ń kọjá níwájú ilé wọn láràárọ̀, agogo rẹ̀ ń dún wọ yàrá wọn, kò sì lè gbé wọn.

N kò ronú sí i tó nígbà náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2004, wọ́n kó Routemaster kúrò lójú ọ̀nà 12. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo wọ̀ ọ́ lọ wọ̀ ọ́ bọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì ya sílé Àǹtí mi. Ojú mi pọ́n. Wọ́n bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́kún. Mo sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n ń wo fèrèsé.

"Ọkọ̀ tí kò lè gbé mi mọ́," wọ́n ní, "òun lò ń sunkún lé lórí?"

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní inú kò bí àwọn, kí n dìde kí n jẹun.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ gbé wọn. Bọ́ọ̀sì tuntun náà gùn gbọọrọ, ó ṣẹ́ po láàárín, kò lókè rárá, n kò sì fẹ́ràn ojú rẹ̀. Ó dúró. Awakọ̀ tẹ nǹkan kan, pákó irin kan sì yọ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó tẹ́ dé orí ẹsẹ̀ títì. Mo ti àga wọn wọlé bí ẹni ń wọ pálọ̀. Kò sẹ́ni tó gbé wọn, kò sẹ́ni tó dì wọ́n lápá. Nígbà tí a dé orí afárá Westminster, wọ́n ní kí n yí àwọn sí apá ibi tí omi wà. Odò náà ń dán, òtútù mú, àwọn ẹyẹ funfun ń fò. Wọ́n ní, "Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti rí omi yìí." Ojú tí wọ́n fi sọ ọ́, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá sọ níwájú mi pé kò yẹ kí wọ́n kó Routemaster kúrò, mo máa ń sọ fún un pé ó yẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ìgbà tí ọdún 2005 fi parí, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba Routemaster tí wọ́n fi ṣe ìrántí, gbogbo bọ́ọ̀sì ìgboro Lọ́ńdọ̀nù ló ti ní ilẹ̀ pẹlẹbẹ tí àga oníkẹ̀kẹ́ lè gùn. Ìlú tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣi iṣẹ́ ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbọ̀ ìrìn àjò náà. Oorun gbé Àǹtí mi lọ bíi ti àtijọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ń sún mọ́ Camberwell, wọ́n ta jí, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Èrò kún inú ọkọ̀ gbọọrọ náà, kálukú ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Awakọ̀ wà níwájú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn gíláàsì. Wọ́n wò mí.

"Ká ní o ò sí níbí," wọ́n ní, "ta ni ì bá jí mi?"

Ohun tí mo ti ń wá ọ̀nà láti sọ fún ọdún gbọọrọ nìyẹn. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí fún Àǹtí mi, ó yẹ kó ṣí. Ẹni tó ń jí wọn, kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kó bá páànù lọ. Nǹkan méjèèjì ni wọ́n dì sínú ẹrù kan náà tí wọ́n sì gbé jù nù lọ́jọ́ kan náà, àwa tó ń ṣọ̀fọ̀ sì ti ń di ẹrù náà mú lódindi, torí pé a kò mọ bí a ṣe lè tú u.

Mo wà níbẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá ọdún 2005, nígbà tí RM2217 ṣe ìrìn àjò ìkẹyìn lójú ọ̀nà 159, láti Marble Arch lọ sí gáréèjì Brixton. Èrò kún títì débi pé ọkọ̀ kò lè sáré. Àwọn èèyàn gun orí ògiri, wọ́n yọ jáde lójú fèrèsé ọ́fíìsì. Àwọn kan na ọwọ́ kan ara rẹ̀ bó ṣe ń kọjá, bí ẹni ń fọwọ́ kan pósí. Aago méjì ọ̀sán ti kọjá díẹ̀ nígbà tó wọ gáréèjì. Èmi kò wò ó dé inú. Kọ́ńdọ́ ni mò ń wò, bó ṣe dúró lórí pẹpẹ tó ń juwọ́, tí ọwọ́ kejì rẹ̀ kò kúrò lára òpó.

Wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ìrántí lójú ọ̀nà 9 àti 15. Ti 9 parí ní 2014, ti 15 kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ láti 2020. Ní 2012, wọ́n gbé bọ́ọ̀sì tuntun kan jáde tí wọ́n sọ orúkọ Routemaster lórí rẹ̀, ó ní pẹpẹ ẹ̀yìn, ó sì ní ilẹ̀ pẹlẹbẹ fún àga oníkẹ̀kẹ́. Wọ́n fi òṣìṣẹ́ kan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Inú mi dùn nígbà náà, mo rò pé wọ́n ti tú ẹrù náà wàyí. Ní 2016 wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn náà dúró, wọ́n sì ti pẹpẹ pa. Ó dùn mí ju ti 2005 lọ, mo sì rò pé àwọn tó bínú sí ọkọ̀ náà nítorí owó tó ná wọn kò rí ibi tí àdánù gidi wà.

Nínú 2,876 yẹn, èyí tó lé ní 1,000 ṣì wà láyé. Àwọn kan ń gbé ìyàwó lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan ń ta oúnjẹ, wọn kò rìn mọ́. Àwọn tí mo mọyì jù ni àwọn tó wà lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́, tí wọ́n ń fi òpin ọ̀sẹ̀ wọn dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú sípánà, tí òjò ń jò sí wọn lọ́rùn. Láti 2009 ni àwọn kan ti ń kó wọn lọ sí Imber lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, abúlé kan ní Salisbury Plain tí àwọn ológun kó gbogbo ará ibẹ̀ kúrò ní 1943, tí wọn kò sì padà mọ́. Bọ́ọ̀sì ìgboro Lọ́ńdọ̀nù á gba àárín pápá lọ síbi tí kò sẹ́ni tó ń gbé. Ẹni tí kò bá yé kò ní yé. Èmi rí i bí ìgbà tí opó méjì bá lọ kí ara wọn.

Lọ́dún tó kọjá, mo wọ ọ̀kan ní irú ọjọ́ ìjáde bẹ́ẹ̀. Kọ́ńdọ́ wa jẹ́ bàbá àgbà kan tó ṣe iṣẹ́ náà nígbà èwe rẹ̀, ẹ̀rọ Gibson wà lọ́rùn rẹ̀, irú èyí tí wọ́n lò títí di 1993. Ọkọ̀ náà kò lọ síbì kankan, yípo ló kàn ń yí ká padà síbi tó ti gbéra. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó tẹ́ ọwọ́ lé ẹ̀rọ, ó ní, "Níbo là ń lọ?"

N kò rò ó rárá. Mo ní, "Camberwell Green."

Ó wò mí. Ó yí nọ́ńbà lára ẹ̀rọ náà, ó ro díẹ̀, ó tún un yí, bí ẹni tó ń wá owó ọkọ̀ ibẹ̀ gan-an. Ó wa ọwọ́ ẹ̀rọ, ó dún kírírí, tíkẹ́ẹ̀tì jáde. Lẹ́yìn náà ló fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, a sì gbéra.

Mo gbé e lọ fún Àǹtí mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Wọn kì í jáde mọ́ báyìí. Wọ́n gbà á, wọ́n sún un mọ́ ojú, wọ́n kà á síwá sẹ́yìn. Wọ́n bi mí bóyá kọ́ńdọ́ gidi ló fún mi, mo ní kọ́ńdọ́ gidi ni. Wọ́n ká a kékeré, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ abẹ́ okùn aago ọwọ́ wọn, wọ́n sì fẹ̀yìn ti àga, wọ́n dijú.